Ìwé Ìkànìyàn Àtijọ́ àti Orúkọ Bàbá Àgbà Yín: Àlàyé fún Yorùbá Tó Wà ní Òkè Ọya

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, Nyanya, Kàdúná tàbí Kánò ló ti gba irú ìpè yìí láti ọ̀dọ̀ ọmọ tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìwé ìkànìyàn tí orúkọ bàbá bàbá yín wà nínú rẹ̀." Ọmọ náà ti rí ojúgbà rẹ̀ ní London tàbí Houston tó tẹ orúkọ kan sórí kọ̀ǹpútà, tí ojú ewé kan sì jáde tí wọ́n kọ baálé sí, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn àti àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ó gbà pé irú rẹ̀ á wà nílé náà.

Kò sí. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà na owó ọkọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n "kò sí" yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ tí wọ́n fi káwọ́ lẹ́rán, bẹ́ẹ̀ ìwé tí orúkọ àwọn bàbá wa wà nínú rẹ̀ ń bẹ lóòótọ́. Wọn ò kàn kó o sínú ìwé ìkànìyàn ni. Iṣẹ́ tí ìwé ìkànìyàn lè ṣe fún yín ni pé kó júwe ibi tó yẹ kí ẹ ti wá orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti àwọn òyìnbó, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ka èèyàn láti 1801, ṣùgbọ́n 1841 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sùn sí ojúlé kọ̀ọ̀kan káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n tọ́jú àwọn ìwé náà. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń tì wọ́n pa kí gbogbo ayé tó láǹfààní láti wò wọ́n, ìdí nìyẹn tí ti 1921 fi jáde ní oṣù Kìíní 2022. Ti 1931 ò ní jáde láéláé, iná ti jó o ní 1942. Wọn ò sì ka èèyàn ní 1941 nítorí ogun. Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ ń ti ìwé pa fún ọdún 72, ti 1950 sì jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2022. Àlàfo wà níbẹ̀ náà. Àwọn ẹrú tí wọ́n kà ní 1850 àti 1860, ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ni wọ́n kọ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. Ìgbà tó di 1870 ni orúkọ tiwọn tó wọ̀wé. Nítorí náà, bí mọ̀lẹ́bí yín kan bá wà ní Liverpool tàbí Cardiff lọ́dún 1921, bóyá ó lọ kàwé tàbí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ lè rí i níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Ọ̀fà lọ sí Mìnà kò sí nínú ìwé yẹn.

Ní tiwa, Èkó ni ìjọba òyìnbó ti kọ́kọ́ ka èèyàn, ní 1866. Lẹ́yìn tí wọ́n da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ti 1921 ni àkọ́kọ́ tó gbìyànjú láti kárí ilẹ̀ náà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ṣe é. Ní àwọn ìlú tí òyìnbó, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò pọ̀ sí, wọ́n ka èèyàn ní ti gidi. Níbi tó kù, ìyẹn ibi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí jù lọ, àwọn ajẹ́lẹ̀ fi ìwé owó orí ṣírò rẹ̀ ni. Baálẹ̀ tàbí dágácì á sọ iye ọkùnrin tó ń san owó orí, iye obìnrin àti iye ọmọdé. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ á rò ó pọ̀, á fi ránṣẹ́ sókè. Kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni wọ́n ń pe ìyàwó kejì.

Ti 1931 tún wá lẹ́yìn. Ọ̀dá owó bo gbogbo ayé nígbà náà, owó tí ìjọba rí ná kò tó nǹkan. Eéṣú ya bo Òkè Ọya, àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó máa ka èèyàn ń lé eéṣú kiri oko. Ní apá ìlà-oòrùn, ìjà tí àwọn obìnrin Àbá bá òyìnbó jà lórí owó orí ní 1929 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Nítorí náà wọ́n tún padà sídìí ìwé owó orí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àríwá, àfi àwọn abúlé kan ní agbègbè Kánò tí wọ́n yàn láti kà fínnífínní. Ti 1941 kò wáyé rárá.

Èyí tí mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó kọ́kọ́ wá ni ti 1952. Ọdún yẹn ni wọ́n ka Àríwá. Ìwọ̀-oòrùn tẹ̀ lé e láti ìparí 1952 wọ 1953, Ìlà-oòrùn sì jẹ́ 1953. Ìjọba Àríwá tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pín iye èèyàn sí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, iṣẹ́, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà. Yorùbá ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òṣèlú wọ̀ ọ́. Wọ́n ka èèyàn ní 1962, wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún un kà ní oṣù Kọkànlá 1963, ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 55.6, wọ́n kà á ní 1973, wọ́n tún fagi lé e. Ti 1991 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 89, ti 2006 sì lé ní mílíọ̀nù 140. Nínú méjèèjì yìí wọn ò béèrè ẹ̀yà, wọn ò béèrè ẹ̀sìn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ orúkọ ará ilé yín sí ní 2006, tí ẹ̀rọ ń kà, àṣírí ni lábẹ́ òfin; àjọ NPC, ìyẹn àjọ tó ń ka èèyàn ní Nàìjíríà, kò lè gbé e fún yín, ì báà ṣe orúkọ ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń wá. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ni ẹ lè bá wọn sọ.

Ẹni tó ka èèyàn ní 1931 dà bí ẹni tó gun orí òkè wo ọjà: ó lè sọ iye àtíbàbà fún yín, kò rí ojú ẹni tó ń ta ata. Ohun tó wúlò fún yín ni pé ó mọ ibi tí ọjà náà wà, ó sì mọ bó ṣe tóbi tó.

Ká sọ pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín nílé ni pé bàbá àgbà jẹ́ télọ̀, Ọ̀fà ló ti wá, ó sì jókòó sí "ìlú kan lójú irin" kó tó kú. Ojú irin yẹn gan-an lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tó fi di 1912, èèyàn lè wọ rélùwéè láti Èkó dé Kánò. Ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀sọ́, ará Ìlọrin àti ará Òṣogbo bá a lọ pẹ̀lú aṣọ, obì àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ gbé àbájáde 1921 kalẹ̀, ẹ gbé ti 1952 lé e, kí ẹ wá wo àwọn ìlú ojú irin lọ́kọ̀ọ̀kan: Mìnà, Kàdúná, Zaria, Kánò, kí ẹ sì wo Jos lápá ibi tí wọ́n ti ń wa tánńganran. Ibi tí Yorùbá ò pọ̀ sí ní 1952, iṣẹ́ yín rọrùn níbẹ̀, torí ìdílé tó wà níbẹ̀ nígbà náà ṣeé kà lórí ìka, àwọn arúgbó ibẹ̀ á sì mọ ara wọn. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí bíi Kánò, àfi kí ẹ mọ àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì gbé iye náà lé orí bí ẹni gbé odù. Nígbà tí kíkà jẹ́ ti owó orí, àwọn ọkùnrin ń sá pamọ́. Nígbà tí kíkà di ti ipò òṣèlú, èèyàn tí kò sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Mo rò pé iye 1921 àti 1931 kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ, èmi ò sì jẹ́ fi ojú kan náà wo ti 1963.

Ibi tí àwọn ọmọ Kwara àti Kogi ti máa ń ṣìnà jù nìyí. Ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ọ̀fà, Ìgbómìnà láti Òmù-Àrán, Òkun láti Kàbà tàbí Yàgbà, Yorùbá ni gbogbo wọn, torí náà wọ́n á gba Ìbàdàn lọ wá ìwé ìran wọn. Ìbàdàn ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ lóòótọ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike jà fún kó lè dúró, ṣùgbọ́n ìwé Ìwọ̀-oòrùn ló pọ̀ níbẹ̀. Agbègbè Ìlọrin àti agbègbè Kàbà wà lábẹ́ Àríwá láti 1900 títí ìjọba ológun fi pín ẹkùn yẹn sí ìpínlẹ̀ ní 1967. Ilé àkójọ ìwé àtijọ́ tó wà ní Kàdúná ni ìwé wọn wà. Ìyẹn ni pé ọmọ Ọ̀fà tó ń gbé ní Àbújá sún mọ́ ìwé bàbá rẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn lọ. Ọmọ Ògbómọ̀sọ́ tàbí Òṣogbo ní tiẹ̀ á dé ibi méjèèjì: Ìbàdàn fún ilé, Kàdúná fún ìrìnàjò.

Omìíràn tún wà. Bí ẹ bá rí "Abuja" nínú ìwé 1921, 1931 tàbí 1952, kì í ṣe ìlú tí Wuse àti Garki wà yìí. Súléjà ni. Ìlú ọba tí wọ́n tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1828 ló ń jẹ́ Àbújá tẹ́lẹ̀, lábẹ́ agbègbè Niger. Ìgbà tí ìjọba dá olú ìlú tuntun sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1976 ni orúkọ náà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ fún olú ìlú náà wá láti ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Niger, Plateau àti Kwara, nítorí náà ìwé abúlé kan tó wà nínú Àbújá lónìí lè wà lábẹ́ agbègbè mìíràn pátápátá. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé bàbá àgbà yín "kú sí Àbújá" ní 1955, ẹ gba ọ̀nà Súléjà.

Ó kù ká sọ ibi tí orúkọ wà. Owó orí ni. Òyìnbó gbé owó orí kalẹ̀ ní Àríwá kíákíá. Òfin tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní 1906, nígbà tí Ẹ̀gbá ò tíì san irú rẹ̀ títí di 1918 tí ogun Àdùbí fi bẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn èèyàn kórìíra owó náà, ìwé rẹ̀ ló wá di ọrọ̀ fún àwa ọmọ wọn. Kí wọ́n tó bu owó fún abúlé kan, ajẹ́lẹ̀ kékeré á gun ẹṣin lọ síbẹ̀, á jókòó ti àwọn àgbà, á kọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ibẹ̀ dó, orúkọ àwọn tó ti jẹ baálẹ̀, iye agboolé, iye ọkùnrin, ohun tí wọ́n ń gbìn, iye ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ, àti owó tí ibẹ̀ á máa san. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Àwọn ìwé olórúkọ tí wọ́n fi ń gba owó náà lẹ́yìn ìyẹn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ikán àti òjò ti jẹ nínú wọn, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti kù, ìwọ̀nyẹn ló sún mọ́ ohun tí ọmọ yín rí ní London jù.

Ìtàn tí ajẹ́lẹ̀ kọ náà, ẹ fura sí i díẹ̀. Ẹnu baálẹ̀ tó wà lórí oyè ló ti gbọ́ ọ, kò sì sí baálẹ̀ tí á sọ fún òyìnbó pé ìdílé kejì ló ni oyè. Bí ìdílé yín bá wà nínú àwọn tí wọn ò jọba mọ́, ẹ lè má rí orúkọ yín níbẹ̀ àfi nínú ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí ìjọba lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ wá ìwé ẹ̀sùn. Òun ló máa ń dùn kà jù.

Nínú àkójọ Kàdúná, lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà fáìlì ló ń sọ ibi tí ìwé ti wá. SNP ni ti ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà fún gbogbo Àríwá. ILORPROF ni ti agbègbè Ìlọrin, LOKOPROF ti Lọ́kọ́ja, tí ọ̀rọ̀ Kàbà wà nínú rẹ̀, MINPROF ti Mìnà, ZARPROF ti Zaria, KANOPROF ti Kánò. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ sọ pé "ìran ìdílé mi ni mò ń wá", wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n máa gbé fún yín. Bí ẹ bá sọ pé ìròyìn owó orí ti Ọ̀fà nínú ILORPROF lẹ fẹ́, wọ́n á gbé ìwé àtòjọ sílẹ̀ fún yín.

Ẹni tó ti kúrò nílé wá gbé láàárín Haúsá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn ará Gúúsù sábà máa ń gbé ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò, tó kọ́kọ́ wà lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, kì í ṣe lábẹ́ ọba Haúsá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ sì ní orúkọ nínú ìwé. Kóòtù kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mixed Court, tí ìjà onílé àti ayálégbé, gbèsè àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin, ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù pàápàá, ará Àríwá ni lójú ìjọba. Òun lè gbé ní Tudun Wada tàbí Fagge, kó máa san owó orí fún ọba ìlú, kó sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Alkali, ìyẹn adájọ́ òfin Ìsìláàmù. Èèyàn méjì lè tọ àdúgbò kan náà ní Ìlọrin wá, kí ìwé wọn má sì pàdé ní Kánò.

Ọ̀dọ̀ Alkali yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí Mùsùlùmí bá kú tí wọ́n fẹ́ pín ogún, kóòtù ní láti mọ gbogbo ẹni tó ń jogún kí ó tó pín in: àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ lọ́kùnrin lóbìnrin, òbí tó bá wà láyé. Ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè fún yín ní ìran mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí ẹ ti máa rí obìnrin, torí ìwé owó orí kò mọ̀ wọ́n. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà ní wọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìdílé ló fẹ́ gbọ́ pé kóòtù ni a ti máa rí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni obìnrin ti dúró, tó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, tí akọ̀wé sì kọ ọ́.

Orúkọ fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù. Ẹ má wá orúkọ ìdílé, torí bàbá àgbà yín kò ní. Ọkùnrin kan náà lè máa jẹ́ Bùráímọ̀ ní Ọ̀fà, kó di Iro lẹ́nu àwọn aládùúgbò ní Kánò, kí Alkali sì kọ ọ́ ní Ibrahim. Bákàrè ilé lè di Garba, Sùmọ́nù lè di Shehu tàbí Usman, Mọ́mọ́dù lè di Mamman. Lẹ́yìn orúkọ, dípò orúkọ bàbá rẹ̀, akọ̀wé owó orí lè kàn fi "Bayarabe" kún un, ìyẹn ni pé Yorùbá ni, ó parí. Bí akọ̀wé bá mọ̀ díẹ̀ sí i, á fi ìlú tàbí iṣẹ́ sí i: Audu Ilorin, Garba Télọ̀. Kristẹni náà kò bọ́: ẹni tí wọ́n ń pè ní Àkànní nílé ni Joseph nínú ìwé ìrìbọmi. Ohùn Haúsá kò ní "gb" àti "p" bíi tiwa, nítorí náà ẹ ka ìwé náà sókè bí Haúsá ṣe máa pè é kí ẹ tó sọ pé kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí tíṣà béèrè orúkọ bàbá. Àkọ́bí fi orúkọ bàbá sí i, èkejì fi ti bàbá àgbà, ẹ̀kẹta lo orúkọ ìlú. Lónìí ọmọ ìyá mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta, àwọn ọmọ wọn ò sì mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n.

Ọjọ́ orí rọrùn díẹ̀, tí ẹ bá gbà pé kò sí èyí tó péye. Ẹni tó sọ fún akọ̀wé pé òun jẹ́ 40 lè jẹ́ 36 tàbí 45. Iye tó parí sí òdo àti márùn-ún ló máa ń pọ̀ jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ bá a mu: ṣé ó ti lè rìn nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ṣé ó ti gbéyàwó kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ṣé wọ́n ti bí bàbá yín nígbà tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án ní oṣù Karùn-ún 1947. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bi àgbàlagbà tó kù nílé, ẹ má bi í pé ọdún wo. Kí ẹ sì tètè bi í, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó ronú Kàdúná rárá.

Ẹ ní kó ki ìdílé yín nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Oríkì orílẹ̀ máa ń mọ ibi tí èèyàn ti gbàgbé. Mo ti rí ìdílé tó gbà pé ọmọ Ìlọrin làwọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ tí ìyá àgbà wọn ń kí ọmọ ní Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọ̀jọ̀, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìyẹn láràárọ̀ ti ní ìlú tó máa kọ́kọ́ wò nínú ìwé.

Nínú àwọn ìwé tó kù, ìwé ìrìbọmi dára púpọ̀, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi pàápàá, torí àwọn oníṣòwò Yorùbá, ará Ògbómọ̀sọ́ ló pọ̀ nínú wọn, ló dá ọ̀pọ̀ sílẹ̀ ní Òkè Ọya. Ìwé Gazette ìjọba ní orúkọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà, tí wọ́n gbé ga tàbí tó fẹ̀yìn tì. Sójà tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì, ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú àkójọ Commonwealth War Graves Commission. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ní gbogbo Sabon Gari, àwọn Parapọ̀ máa ń ṣèpàdé, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó wá, ẹni tó dá owó, ẹni tí wọ́n sin, àti agboolé tó ti wá nílé. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Inú àpótí akọ̀wé ẹgbẹ́ tàbí lábẹ́ ibùsùn ọmọ akọ̀wé tó ti kú ló máa ń wà, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìdílé tó ti Gold Coast dé kí ó tó wá sí Àríwá pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà tí ìjọba Ghana lé àwọn àlejò ní ìparí 1969, àwọn kan gba Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀sọ́ kọjá, wọ́n sì tún bá ẹ̀gbọ́n lọ sí Jos tàbí Kàdúná. Bí ẹ kò bá rí ìdílé yín rárá nínú ohunkóhun ní Àríwá ṣáájú 1970, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bóyá wọ́n gbé Kumasi rí.

Ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, DNA tí àwọn ọmọ ń ṣe lókè òkun: á sọ fún wọn pé Nàìjíríà ni wọ́n ti wá, á sì tún fi mọ̀lẹ́bí jíjìn hàn wọ́n bí ẹni yẹn náà bá ti ṣe é. Kò mọ agboolé. Ìwé ọmọ onílùú tí ìjọba ìbílẹ̀ ń béèrè kí ọmọ tó wọ yunifásítì tàbí kó gba iṣẹ́ ìjọba náà kò béèrè DNA, agboolé àti baálẹ̀ ló ń béèrè. Ẹni tí wọ́n bí sí Kàdúná, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí Kàdúná, tó sì ní láti padà sí Ọ̀fà lọ gba ìwé yẹn, mọ ìdí tí kò fi yẹ kí iṣẹ́ yìí dúró dìgbà tí àgbà bá kú tán.

Fún ìrìnàjò Kàdúná, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání àti lẹ́tà kúkúrú tó sọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ máa forúkọ sílẹ̀, ẹ máa san owó díẹ̀, owó ẹ̀dà sì yàtọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé fóònù ya ohunkóhun. Tábìlì ni wọ́n á gbé fáìlì wá bá yín, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọ ibi ìtọ́jú, bébà míì sì ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tó ń fọ́ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ rọra ṣí i. Lọ́jọ́ kejì ẹ lè yà sí Arewa House, ilé tí Sardauna Ahmadu Bello gbé kí wọ́n tó pa á ní 1966, tí Yunifásítì Ahmadu Bello sọ di ibi ìwádìí; ìwé ìjọba Àríwá wà níbẹ̀ náà. Ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì, nọ́ńbà ojú ewé àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí fáìlì tí kò bá ní nọ́ńbà, ẹ tún máa wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣí. Ẹni tó bá wọ rélùwéè láàárọ̀ láti Ìdú, tó sọ̀ ní Rigasa, á ní wákàtí díẹ̀ nínú yàrá ìkàwé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, nítorí náà ó dára kí ẹ sun Kàdúná.